Anselmo Olórin Enka

"Má sáré! Orin enka kì í ṣe eré ẹṣin. Jẹ́ kí ohùn náà máa mì bí ìgbì òkun."

Tokuji, bàbá àgbà Mizuho, ló ń kọ́ Anselmo, ọmọ ilẹ̀ Bràsíìlì, lórin enka, orin arò àtijọ́ ilẹ̀ Jàpáànù. Mizuho dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó tẹ́tí. Ara rẹ̀ kò gba ọkùnrin yìí rárá. Kí ni ọ̀dọ́kùnrin láti òkèèrè ń wá nínú orin àwọn arúgbó? Ṣebí láìpẹ́ yìí ni oníjìbìtì kan pe ìyá arúgbó kan ládùúgbò wọn lórí fóònù, tó pe ara rẹ̀ ní ọmọ wọn, tó sì kó wọn nífà.

Nígbà tí Anselmo ń lọ, ìdì kan wà lábíyá rẹ̀. Etí aṣọ aláró tó yọ níbẹ̀ ni Mizuho fi dá a mọ̀: kimono, ẹ̀wù ìbílẹ̀ Jàpáànù tí bàbá àgbà fi ń kọrin nígbà èwe, tí wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn!

Ó sọ fún Kanade, ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Ṣé o ti bi bàbá?"

"Kí ni màá bi wọ́n? Ojú mi ló ṣe!"

"Tóò, kí lo wá ń dúró dè? Ṣebí ó ń bọ̀ wá kọrin nílé ìwé wa lọ́jọ́ Ẹtì. Sọ fún gbogbo kíláàsì."

Mizuho tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, ó fi ránṣẹ́ sí gbogbo kíláàsì: "Olè lolórin tó ń bọ̀." Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, gbogbo ìlú ti gbọ́. Ọ̀gá ilé ìwé ní kí Anselmo má wá mọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Anselmo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó na ìdì náà sí bàbá àgbà.

"Ẹ gbà á, bàbá. Wọ́n ní mo jí i."

"Kí lo jí? Ṣebí èmi ni mo fún ọ! Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Mizuho bọ́ síwájú. "Èmi ni, bàbá."

Bàbá àgbà yíjú sí i. "Àìsàn ti gba ohùn mi, Mizuho. Mo bẹ̀ yín kẹ́ ẹ wá kọ́ orin yìí, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ṣoṣo ló ní kí n kọ́ òun. Ẹni tí o pè lólè nìyẹn."

Láàárọ̀, Mizuho jẹ́wọ́ fún ọ̀gá, ó sì tún jẹ́wọ́ níwájú kíláàsì.

"O sọ gbogbo wa di òpùrọ́!" Kanade pariwo. Kò sẹ́ni tó bá Mizuho jẹun lọ́sàn-án.

Wọ́n pe Anselmo padà, ṣùgbọ́n ìdajì àga ló ṣófo. Ó kọrin nípa apẹja tí kò padà wálé. Àwọn tó ń yínmú tẹ́lẹ̀ dákẹ́ lọ kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Kanade pàápàá fi fóònù sápò, ó ń nu ojú. Nígbà tí orin náà parí, àwọn ọmọ ṣù bo Anselmo, wọ́n ní kó kọ́ àwọn náà.

Síbẹ̀, títí dòní, bí Anselmo bá wọ ìsọ̀ ẹja, àwọn kan ṣì máa ń fa báàgì wọn mọ́ra. Mizuho a sì wolẹ̀. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹni tó bá fura, kó kọ́kọ́ béèrè. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.