Mò Ń Bọ̀, Sà

Iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe títí ní Ìlọra. Ẹni tí mo bá kọ́ rí yóò sọ fún yín pé n kì í kọ ohun tí kò dá mi lójú sára bọ́ọ̀dù. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, etí èmi fúnra mi ni mo fi gbọ́ ọ, etí náà kò sì di.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé gbólóhùn kan. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá ń kúrò níbì kan kì í fẹ́ sọ pé, "Mò ń lọ." Òkú ló ń lọ. "Mò ń bọ̀" ni alààyè máa ń wí, ì báà jẹ́ ẹ̀yìnkùlé ló fẹ́ dé, ì báà sì jẹ́ Kánò. Àwọn àlejò máa ń fi wá rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní, "Ó dìde, ó kẹ̀yìn sí wa, ó lóun ń bọ̀!" Àwa kì í tilẹ̀ rò ó. Ẹnu wa ló máa ń sọ ọ́ fúnra rẹ̀.

Lọ́dún 1990, Sìrájù lọ wọṣẹ́ ṣọ́jà ní Ìbàdàn. Ọmọ Ìyá Hàwáù ni, tí ilé wọn fẹ̀gbẹ́ kan tiwa. Hàwáù ni orúkọ ìyá náà gan-an. Bíríkìlà ni Sìrájù, mo sì ti kọ́ ọ ní kíláàsì kẹrin. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Ọláyínká, ni wọ́n jọ lọ. Wọ́n ní kí wọ́n sáré, wọ́n yẹ eyín wọn wò, wọ́n fá orí wọn. Àwọn méjèèjì yege. Ó ku kí wọ́n wọ lọ́rì tí yóò gbé wọn lọ sí Sáríà, níbi tí wọn yóò ti kọ́ iṣẹ́ ogun.

Ìgbà náà ni wọ́n ń kó ṣọ́jà lọ sí Làìbéríà. Níbi tí Sìrájù tò sí, ọkàn rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Àwọn ọmọ tí obìnrin náà bí ṣáájú rẹ̀ kò dúró. Òun nìkan ló kù. Ó yọ kúrò lórí ìlà.

Ṣọ́jà àgbàlagbà kan dúró lẹ́yìn lọ́rì náà. Ó bi í ní Yorùbá, bí ọmọ Ìlọra ṣe ń sọ ọ́ gan-an:

"Ọmọ Hàwáù, ibo?"

"Mò ń bọ̀, sà."

"Ṣé ò ń bọ̀?"

"Mò ń bọ̀, sà."

"Ó dáa. A ó dúró dè ọ́."

Sìrájù rọra rìn títí ó fi kọjá igun ilé kan. Ló bá sáré dé títì, ó wọ mọ́tò Ọ̀yọ́. Inú mọ́tò ló ti rántí pé òun kò dárúkọ ìyá òun fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ìyá Hàwáù din àkàrà, ó fi ṣe sàráà. Ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá kọjá pé Ọlọ́run ti dá ọmọ òun padà.

Kò pẹ́ tí a fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ lọ́rì náà.

Ẹ mọ bí Ìlọra ṣe máa ń rí lọ́sàn-án gangan. Àwọn àgbà ti lọ sóko. Ewúrẹ́ ti sá sábẹ́ òjìji. Ojú ọ̀nà á dá páropáro. Nígbà náà ni ẹ́ńjìnnì kan yóò máa dún lẹ́yìn ilé Ìyá Hàwáù. Kò ní sún mọ́. Kò ní lọ. Yóò kàn máa dún lójú kan, bí ọkọ̀ tó ń dúró de èrò kan ṣoṣo. Oko ẹ̀gẹ́ ló wà lẹ́yìn ilé náà. Ọ̀nà ọkọ̀ kò sí níbẹ̀. Mo lọ wò ó. Ewé ẹ̀gẹ́ kan kò mì. Òórùn epo ọkọ̀ ló gba imú mi.

Sìrájù ní òun yóò sá lọ sí Fìdítì, kí òun máa mọlé níbẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti fẹsẹ̀ rìn padà, eruku bò ó dé ojú.

"Kí ló dé?" mo bi í.

"Bọ́ọ̀sì kan ni mo dá dúró, Tíṣà. Àyè kan ló kù. Mo wọlé, mo ní, 'Ẹ kú ìjókòó o.' Kò sẹ́ni tó dáhùn."

"Bóyá wọ́n ń sùn."

"Ojú wọn là. Orí gbogbo wọn ni wọ́n fá, Tíṣà. Bíi tèmi." Ó fọwọ́ pa orí rẹ̀. Irun kan kò tí ì hù níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ti pẹ́ tó ti dé. "Mo bẹ́ sílẹ̀. Kọ̀ńdọ́ bi mí bóyá n kò lọ mọ́."

"Kí lo wí?"

Ó ń gbọn eruku aṣọ rẹ̀.

"Sìrájù, kí lo wí fún un?"

"Mo ní mò ń bọ̀."

Láti ọjọ́ náà, kò lè jáde. Bó bá gba iwájú ilé, yóò gbọ́ ẹ́ńjìnnì náà níwájú. Bó bá gba ẹ̀yìn, yóò gbọ́ ọ lẹ́yìn. Yàrá àárín ló wá ń gbé, fèrèsé ní títì, bí ẹni tó fara pamọ́ fún ẹni tó mọ ibi tó wà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo jókòó tì í. "Gbọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ ló dè ọ́. 'Ń' tó wà nínú 'mò ń bọ̀' yẹn, kí ni mo kọ́ yín nípa rẹ̀?"

"Ó ń fi hàn pé iṣẹ́ náà kò tí ì parí, sà."

"Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi lọ. Fún wọn ní ọ̀rọ̀ tó parí. Wí pé, 'N kò wá mọ́.'"

"N kò wá mọ́."

"Tún un wí."

Ó ń tún un wí. Ohùn rẹ̀ ń le sí i. Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ṣé ẹ ò ní nà mí tí mo bá ṣì í?"

"Ẹ nà án dáadáa!" ni ìyá rẹ̀ wí láti ìdí àdògán, níbi tó ti ń se ẹ̀wà. Ó pẹ́ tí ẹ̀rín ti dún nínú ilé náà.

Ọ̀sán pọ́n. Ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ó sún mọ́ ògiri tó bẹ́ẹ̀ tí ife fi ń gbọ̀n lórí tábìlì. Lẹ́yìn náà ni ẹnìkan pè é. Ohùn jẹ́jẹ́ ni, bíi ti aládùúgbò tó wá pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sóko.

"Sìrájù!"

Sìrájù dìde. Ó mí kanlẹ̀. Ó la ẹnu.

Ẹ rò ó wò. Bí wọ́n bá pe ọmọ yín níta, tí kò tètè dáhùn, kí ni ìyá máa ń wí? Omi ẹ̀wà ń hó, ọwọ́ Ìyá Hàwáù dí. Kò ronú. Ó ké:

"Ó ń bọ̀ o!"

Ẹ́ńjìnnì dákẹ́.

Ṣíbí jábọ́ lọ́wọ́ obìnrin náà. "Yéè! Ẹnu mi!"

Sìrájù wò ó. Kò bínú. Ojú rẹ̀ rọ̀, bí ojú ọmọ tí wọ́n ti rán níṣẹ́. Ó wọ sálúbàtà rẹ̀.

"Sìrájù, wí ohun tí mo kọ́ ọ!"

"Wọ́n ti bá mi dáhùn, Tíṣà." Ó yíjú sí ìyá rẹ̀. "Màámi, mo..." Ó wá ọ̀rọ̀. Kò rí òmíràn. "Mò ń bọ̀."

Ó gba ẹ̀yìnkùlé. Mo sáré tẹ̀lé e. Ewé ẹ̀gẹ́ dúró jẹ́ẹ́. Sálúbàtà rẹ̀ méjèèjì wà létí oko, wọ́n kọjú sílé.

Nígbà tí Ọláyínká gba ìsinmi wálé, ó ní òun kò rí ṣọ́jà àgbàlagbà kankan lẹ́yìn lọ́rì lọ́jọ́ náà. Àwọn tó kó wọn, kò sí èyí tó gbọ́ Yorùbá nínú wọn. "Àmọ́ àyè kan ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi dé Sáríà, Tíṣà. A há mọ́ra gan-an. Kò sẹ́ni tó ní ká má jókòó síbẹ̀. A kàn ò jókòó ni."

Tí ẹ bá béèrè Sìrájù lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ lónìí, "Ó ń bọ̀" ni yóò wí. Èmi tí mo máa ń fi bírò pupa fa igi sí gbólóhùn ọmọ ọlọ́mọ, n kò jẹ́ tún èyí ṣe. N kò mọ èyí tó tọ̀nà.

Mo lọ kí i lọ́sẹ̀ tó kọjá, lọ́sàn-án. A jókòó. Ojú ọ̀nà dá. Nígbà tí mo dìde, ó bi mí:

"Tíṣà, ṣé ẹ ti ń lọ ni?"

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo wá ọ̀rọ̀ kan tí kì í ṣe lílọ, tí kì í sì í ṣe bíbọ̀. Nínú gbogbo èdè tí mo fi jẹun láyé mi, n kò rí i.

Lẹ́yìn ilé, nínú oko ẹ̀gẹ́, ẹnìkan ṣíná ọkọ̀.

Mo padà jókòó.