Ọkọ̀ Tí Morádéyọ̀ Yàn fún Súnkànmí

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kó wọlé. Ẹni tó ń gún iyán, kó fi etí kan sílẹ̀ fún mi. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni mo mú wá, ó dùn, bó tilẹ̀ níbi tó ti ń ta bí ata.

Ṣọ́ọ̀bù ọmọ mi Fọlọ́runṣọ́, jórinjórin ojú ọ̀nà Ìkọ̀lé, ni àwọn olólùfẹ́ méjì tí mò ń sọ ti pàdé. Morádéyọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ló máa ń dá àwọn oníbàárà lóhùn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan yà wọlé. Súnkànmí lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìlàjẹ etí òkun, tó ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ní ẹ̀kọ́ nípa ẹja sínsìn.

"Ẹ káàsán, mà. Mo fẹ́ kí Bàbá bá mi ṣe kẹ̀kẹ́ irin tí mọ́tò mi máa fà lẹ́yìn."

"Kí lẹ fẹ́ fi kó? Ẹ̀gẹ́ ni àbí kòkó?"

"Ọkọ̀ ojú omi ni."

Morádéyọ̀ wo àwọn òkè tó yí wa ká, ó tún wo ojú rẹ̀. "Ní Ìkọ̀lé níbí? Bọ̀dá, ṣé orí òkè lẹ ti fẹ́ máa tù ú ni?"

Súnkànmí rẹ́rìn-ín. "Apẹja ni bàbá mi, ọkọ̀ igi rẹ̀ sì ti jẹrà. Mo fẹ́ ra èyí tí gbogbo ìdílé lè jókòó sí, tó lè jáde sínú òkun gan-an lọ pẹja, tí mo sì lè fà wálé máa tọ́jú. Bí mo bá fi í sílẹ̀ létí òkun, iyọ̀ á jẹ ẹ́ tán."

"Ìdílé wo? Ẹ ti níyàwó ni?"

"Mi ò tíì ní. Àyè rẹ̀ ni mo ń wọ̀n sínú ọkọ̀."

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo wà, mo sì dá orin:

*Ó wá ra irin, ó rí ẹyinjú,*
*Ó wá fa ọkọ̀, ìfẹ́ ló fà á lọ.*

Láti ọjọ́ náà, gbogbo ìgbà ló ń wá wo irin tí kò tíì dìde ńlẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé irin kọ́ ló ń wò. Kí kẹ̀kẹ́ tó parí, "Bọ̀dá" ti di "ìfẹ́ mi", "mà" ti di "Déyọ̀ mi".

Florence, ìyá Morádéyọ̀, kò kórìíra ọmọkùnrin náà, òkun ni kò fẹ́. "Ọmọ mi," a máa wí, "òkun kò ní ojú oórì. Ẹni tí omi bá gbé, níbo la ó ti lọ máa ro koríko rẹ̀?" Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò létí Morádéyọ̀.

Súnkànmí lọ sí Wàrí, níbi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ àlòkù. Ó pe Morádéyọ̀ lórí fóònù.

"Déyọ̀ mi, méjì ló wà níwájú mi. Ọ̀kan, ìdí rẹ̀ mú bí ẹnu àáké, etí rẹ̀ ga. Ìyẹn ló lè la ìgbì òkun, ṣùgbọ́n ó wúwo. Èkejì, ìdí rẹ̀ rí pẹrẹsẹ, ó fúyẹ́, àmọ́ omi tó dákẹ́ ló wà fún. Bá mi bi Bàbá bóyá kẹ̀kẹ́ wa lè gbé èyí tó wúwo."

Ó lọ bi bàbá rẹ̀. Fọlọ́runṣọ́ fi òòlù kan irin. "Kó gbé e wá. Kó tún gbé ìyá ọkọ̀ náà lé e. Uṣẹ́ mi kì í tẹ̀."

Morádéyọ̀ padà sídìí fóònù, ó rántí òkun tí kò ní ojú oórì.

"Ìfẹ́ mi, Bàbá ní kò lè gbé e. Ra èyí tó fúyẹ́."

Súnkànmí mí kanlẹ̀. "Bí Bàbá bá ti wí bẹ́ẹ̀, ó parí."

Ó ra aláìdí-mímú. Fọlọ́runṣọ́ rí i, ó rò pé ohun tó wu ọmọkùnrin náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n Morádéyọ̀ mọ̀ pé irọ́ òun ló yàn án. Irọ́ náà há a bí eegun ẹja.

Nígbà ọdún Àjíǹde, Súnkànmí àti Morádéyọ̀ fa ọkọ̀ náà lọ sí etí òkun. Ajíbádé, bàbá Súnkànmí, ti dé fìlà ìpẹja rẹ̀ láti àárọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ pa ìdí ọkọ̀.

"Ọmọ mi, ọkọ̀ ọ̀sà rèé."

"Kẹ̀kẹ́ kò lè gbé èkejì ni, Bàbá."

"Kò burú. Ìyàwó mi, ẹ ṣeun. Ẹ gbìyànjú."

Wọ́n tù ú lójú ọ̀sà. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ọ̀sà ti pàdé òkun, bàbá náà ní kí wọ́n padà. Ó ń yí ọrùn padà wo òkun títí kò fi rí i mọ́. Morádéyọ̀ ló jókòó tì í. Kò lè wo ojú rẹ̀.

Nígbà tó délé, ó bá ọ̀rọ̀ tuntun nílẹ̀. Àgbẹ̀ kan láti Ìtàjí tó fẹ́ ṣe kẹ̀kẹ́ ti gba ọ̀dọ̀ jórinjórin mìíràn lọ. Ó ní Súnkànmí fẹnu ara rẹ̀ sọ pé irin Fọlọ́runṣọ́ kò lè gbé ọkọ̀, ṣé ẹ̀gẹ́ òun ló máa wá gbé?

"Ta ló sọ pé uṣẹ́ mi kò lè gbé e?" ni Fọlọ́runṣọ́ ń bi gbogbo ènìyàn. Morádéyọ̀ mú ọwọ̀, ó ń gbá ilẹ̀ tó ti mọ́.

Ó wá bá mi nídìí ààrò. "Màmá àgbà, bàbá méjì ni mo fi ẹ̀rù mi bà jẹ́. Bí mo bá sọ ọ́, Súnkànmí á lọ."

"Bí o kò bá sọ ọ́ ńkọ́?"

"Á dúró. Ṣùgbọ́n irọ́ ló máa gbé níyàwó."

Mo ti igi sínú ààrò. Ó ti dá ara rẹ̀ lóhùn.

Ọjọ́ mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́ pé, àwọn ará Ìlàjẹ gbé ẹja yíyan wá. A kò tíì bu oúnjẹ tí Morádéyọ̀ fi kúnlẹ̀ láàárín ìdílé méjèèjì, tó sì sọ gbogbo rẹ̀.

"Bàbá mi kò sọ pé kò lè gbé e. Èmi ni. Ẹ̀rù òkun ló ń bà mí."

Florence fi gèlè bojú. Fọlọ́runṣọ́ ní, "Ẹnu mi lo fi parọ́, Morádéyọ̀? Ẹnu mi?" Omi lé ròrò lójú ọmọ mi ọkùnrin.

Ajíbádé ló sọ̀rọ̀ tẹ̀lé e, jẹ́jẹ́. "Ìyá Súnkànmí kò sùn rí bí mo bá wà lójú òkun. Ṣùgbọ́n kò gbé àjẹ̀ mi pamọ́ rí."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Morádéyọ̀ ju pàṣán lọ. Súnkànmí dìde, ó bọ́ síta. Ọmọbìnrin náà tẹ̀lé e, a sì ń gbọ́ wọn láti ojú fèrèsé.

"Mo bínú," ni Súnkànmí wí. "Bàbá mi ti dàgbà. Òkun kan ṣoṣo ló ní kí n mú òun dé."

"Mo mọ̀. Bí o bá fẹ́ máa lọ, mi ò ní dì ọ́ mú."

"Ta ló ń lọ? Kí ló dé tí o kò sọ fún mi pé ẹ̀rù ń bà ọ́?"

"Mo rò pé wàá yan òkun."

"O kò jẹ́ kí n yan nǹkan kan, Déyọ̀. Ìyẹn ló dùn mí."

Ó sunkún, ó ní, "Jọ̀ọ́, yàn báyìí."

Súnkànmí ní, "Mo yàn ọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ fúnra rẹ lo máa bá mi yan ọkọ̀."

Àwọn apẹja odò Èrò ra ọkọ̀ pẹrẹsẹ náà lọ́wọ́ Súnkànmí, omi wọn dákẹ́, ó bá wọn mu. Morádéyọ̀ bá Súnkànmí lọ sí Wàrí, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ pa ìdí ọkọ̀ títí ó fi rí èyí tó mú bí àáké. Ó ra ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì fún gbogbo ìdílé. Kẹ̀kẹ́ gbé e la Ìkọ̀lé kọjá láìtẹ̀, Fọlọ́runṣọ́ sì ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń ki ara rẹ̀.

Nígbà tí ìgbéyàwó ku ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n gbé Ajíbádé jáde sínú òkun. Ìgbì àkọ́kọ́ gbé iwájú ọkọ̀ sókè.

"Ẹ̀rù ń bà mí," ni Morádéyọ̀ wí.

"Mo gbọ́. Ṣé ká padà?"

"Rárá. Mo kàn fẹ́ kí o mọ̀ ni."

Bàbá arúgbó náà ju àwọ̀n, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ẹja tó kó lọ́jọ́ náà la fi se ọbẹ̀ ìgbéyàwó. A gúnyán, a jẹ, ó ṣẹ́kù, Morádéyọ̀ sì bu ti bàbá rẹ̀ fún un lórí ìkúnlẹ̀. Àwọn ará Ìlàjẹ yó, ará Ìkọ̀lé yó, kálukú sì gba ulé rẹ̀ lọ pẹ̀lú orin lẹ́nu àti ayọ̀ nínú.