Ẹni Tó Fọ́ Àyà Bọ̀ọ̀dá Ike

Àyà ni wọ́n ti fọ́ ọ. Orí rẹ̀ ò ní nǹkan kan, apá rẹ̀ méjèèjì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọrùn dé ìdodo, ó ti di wẹ́wẹ́ nílẹ̀ yàrá ẹ́síréè. Kò sí ẹ̀jẹ̀. Ike ni.

Ìnsípẹ́kítọ̀ lóṣòó tì í. Fẹ̀sọ̀ ni àwọn ọlọ́pàá ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, nítorí kì í kánjú sọ̀rọ̀.

"Ta nìyí?"

"Bọ̀ọ̀dá Ike," ni obìnrin tó ń ya fọ́tò nínú yàrá náà dá a lóhùn. Ìyá Ìbejì ni gbogbo ọsibítù mọ̀ ọ́n sí. "Egungun wà nínú rẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró náà wà níbẹ̀. Òun la fi ń dán ẹ̀rọ wò, ká má baà máa yin ìtànṣán sára ènìyàn lásán. Òun nìkan ni aláìsàn mi tí mo bá ní kó di èémí mú, tí kì í wúkọ́."

Kò rẹ́rìn-ín bó ṣe sọ ọ́. Ojú rẹ̀ wú.

"Obìnrin yìí ló fọ́ ọ." Dókítà àgbà, olórí ẹ̀ka ẹ́síréè, ló sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ọkùnrin gígùn ni, ohùn rẹ̀ tutù. "Kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ló ń ṣí yàrá yìí. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi, ọ̀kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan wà lọ́wọ́ ọkùnrin tó ta ètò kọ̀ǹpútà fún wa. Obìnrin yìí ló ń bú ètò náà kiri wọ́ọ̀dù. Ẹ mú un lọ lónìí. Mi ò fẹ́ kó fọwọ́ kan ẹ̀rọ mi mọ́."

"Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n fọ́."

Dókítà ṣàlàyé. Bí ìtànṣán bá wọ ara, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń gba ọ̀nà tààrà jáde. Òmíràn á fọ́n ká nínú ẹran ara, á wá bo fọ́tò bí ìkùukùu. Asẹ́ ni wọ́n fi ń dá a dúró láti ọjọ́ pípẹ́: irin pẹlẹbẹ tí wọ́n to òjé tín-ínrín sínú rẹ̀, tí wọ́n ń tì sábẹ́ tábìlì bíi dúrọ́ọ̀. Ètò kọ̀ǹpútà tuntun yìí, ẹni tó tà á ní yóò nu ìkùukùu náà kúrò láìsí asẹ́.

"A lẹ kókó kéékèèké mọ́ ẹ̀dọ̀fóró Bọ̀ọ̀dá Ike, bíi kókó àìsàn. A yà á pẹ̀lú asẹ́. A tún yà á láìsí asẹ́, ètò náà sì nu ìyẹn. Gbogbo kókó tí mo rí nínú ti àkọ́kọ́ ni mo rí nínú ìkejì. Mo kọ àbọ̀, olú iléeṣẹ́ ìlera sì gbà á."

"Wọ́n gba ẹ̀yin náà," ni Ìyá Ìbejì wí. "Wọ́n ti fi yín ṣe ọ̀gá gbogbo ẹ́síréè ẹkùn yìí."

"Ṣé ẹ gbọ́ ẹnu rẹ̀?"

Fẹ̀sọ̀ gbọ́.

Ó mú obìnrin náà lọ sí yàrá kékeré tí àwọn aláìsàn ti ń pààrọ̀ aṣọ. Àga kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ó fi í sílẹ̀ fún un.

"Kí lẹ rí lára ètò náà tí ẹ fi ń bú u?"

"Kò sí, nígbà tí a ń dán an wò. Fọ́tò rẹ̀ mọ́ kedere. Mo tiẹ̀ yọ̀, torí asẹ́ wúwo." Ó ń fi àtàǹpàkò ra ìka rẹ̀. "Àbọ̀ wá jáde. Wọ́n ní kí n yọ asẹ́ kúrò lára ẹ̀rọ onítáyà tí mò ń tì lọ bá àwọn tí kò lè dìde ní wọ́ọ̀dù. Baba kan ń wúkọ́ níbẹ̀. Fọ́tò ní àyà rẹ̀ mọ́. Nígbà tí baba rọ́jú rìn, mo gbé e sórí tábìlì mi níhìn-ín, mo fi asẹ́ yà á. Kókó kan wà nínú àyà yẹn, ó tó ẹyin aláǹgbá."

"Ta lẹ sọ fún?"

"Dókítà. Ó ní ojú mi ló ń ṣe mí. Ni mo bá ké sí olú iléeṣẹ́ pé kí wọ́n wá tún un dán wò. Àná ni wọ́n fèsì pé àwọn ń bọ̀, Bọ̀ọ̀dá Ike yìí gan-an làwọn sì fẹ́ lò, pẹ̀lú àwọn kókó níbi tí a lẹ̀ wọ́n sí." Ó gbójú sókè. "Bí ẹ bá mú mi lọ lónìí, iṣẹ́ mi lọ nìyẹn. Ta ló máa wá gbọ́ ọ̀rọ̀ baba yẹn lẹ́nu ọ̀daràn?"

Fẹ̀sọ̀ padà sínú yàrá ẹ́síréè. Ẹ̀wù òjé mẹ́ta, irú èyí tí wọ́n fi ń dáàbò bo ara lọ́wọ́ ìtànṣán, wà lórí ìkọ́ gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Wọ́n nà tọ́ọ́rọ́. Àfọ́kù ike há sára ọ̀kan. Ó yé e. Ẹni tó fọ́ ère náà ti kọ́kọ́ fi ẹ̀wù òjé bò ó kí ariwo má baà jáde.

Ẹni tó ta ètò kọ̀ǹpútà dé. Ẹlẹ́rìn-ín ni wọ́n ń pè é nínú ọsibítù, ẹ̀rín ló sì bá wọlé.

"Ẹ bá mi di èyí mú," ni Fẹ̀sọ̀ wí. Ó gbé ẹ̀wù òjé kejì lé e lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì.

Ẹ̀wù náà wúwo. Ẹlẹ́rìn-ín ká a sí mẹ́rin, ó fi í sórí àga.

"Háà, ẹ má ká a," ni Ìyá Ìbejì wí, ó ti já a gbà. "Òjé inú rẹ̀ á sán, ìtànṣán á sì máa gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ ò ṣe kúkú ká èmi náà."

"Ẹ má bínú, ìyá. Ìṣirò kọ̀ǹpútà ni tèmi, mi ò mọ ti aṣọ."

Fẹ̀sọ̀ dìde, ó gbọn orúnkún rẹ̀. "Bí àdánwò tuntun bá burú, ọjà yín lọ."

"Kò ní burú, ọ̀gá. Ère mìíràn wà nínú ọkọ̀ mi báyìí. Mo ti sọ fún dókítà láàárọ̀ pé kí n gbé e wọlé. Ó ní rárá, iṣẹ́ ti parí." Ó rẹ́rìn-ín. "Ike ló fọ́, kì í ṣe bàbá mi."

Fẹ̀sọ̀ lọ bá dókítà ní ọ́fíìsì rẹ̀, ó ní òun fẹ́ rí fọ́tò méjèèjì ti àdánwò. Dókítà ṣí wọn sójú kọ̀ǹpútà, ó sì yíjú sí fèrèsé. Fẹ̀sọ̀ wo ti àkọ́kọ́ pẹ́. Ní igun rẹ̀ lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká, ìlà funfun kúkúrú kan wà bí irun. Ó wo ìkejì.

Nígbà tó jáde, ó bi Ìyá Ìbejì pé kí ni ìlà náà.

"Ẹ rí i? Asẹ́ tábìlì yìí ti já bọ́ rí. Òjé kan tẹ̀ ní igun rẹ̀. Ojú wa ti mọ́ ọn débi pé a kì í rí i mọ́. Gbogbo fọ́tò tí asẹ́ yẹn bá wà nídìí rẹ̀ ló ń ní in."

Ohun tí Fẹ̀sọ̀ fẹ́ ṣe kò dùn mọ́ ọn nínú. Ó ní kí Ẹlẹ́rìn-ín lọ gbé ère inú ọkọ̀ rẹ̀ wá, ó sì pe dókítà.

"Ìyá Ìbejì, ẹ yà á fún mi láìsí asẹ́. Bí ẹ ṣe ṣe é lọ́jọ́ àdánwò gan-an ni kí ẹ ṣe."

Obìnrin náà fa asẹ́ síta lábẹ́ tábìlì, ó yọ gbọnran. Ó tẹ́ ère náà, ó tún èjìká rẹ̀ ṣe, ó fi ọwọ́ kan àgbọ̀n rẹ̀ bí ẹni tó ń tu ọmọ nínú. Ó wá yí padà láti lọ tẹ bọ́tìnnì. Bó ṣe ń kọjá, ó fi ìbàdí ti asẹ́ tó yọ síta náà wọlé. Kò bojú wẹ̀yìn. Ohun tó bá yọ síta nínú yàrá yẹn á gbá aláìsàn lẹ́sẹ̀, ara rẹ̀ ti mọ èyí tipẹ́.

Fẹ̀sọ̀ ò wo tábìlì. Dókítà ló ń wò. Dókítà wo asẹ́ bó ṣe wọlé. Ó wá gbójú sókè sí àjà.

Fọ́tò jáde. Ó mọ́ kedere.

"Dókítà, ṣé láìsí asẹ́ nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ tún un wò."

"Mo ní bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ̀yin lẹ darí àdánwò ọjọ́ náà," ni Fẹ̀sọ̀ wí. "Asẹ́ wọlé lójú yín, ẹ sì dákẹ́. Ẹni tí kò bá mọ nǹkan kan ì bá ti ní, 'Ìyá, ẹ dúró.' Ìlà òjé tó tẹ̀ yẹn wà nínú èyí. Ó wà nínú èyí tí ẹ pè ní aláìlásẹ́ lọ́jọ́ náà. Asẹ́ ló nu fọ́tò yẹn, kì í ṣe kọ̀ǹpútà." Ó mí. "Ẹni tó fọ́ ère fi ẹ̀wù òjé bò ó, ó sì tún un kọ́ tọ́ọ́rọ́. Nínú ìjayà náà, ọwọ́ rẹ̀ ò gbàgbé pé a kì í ká a. Ẹlẹ́rìn-ín ká tirẹ̀. Ó ku ẹ̀yin àti ìyá yìí. Ìyá yìí ló bẹ̀ pé kí wọ́n wá tún un dán wò. Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n má gbé ère mìíràn wọlé."

Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀. Kò rí ibi tó máa fi sí.

"Mi ò mọ̀ nígbà tí mo kọ àbọ̀. Àná, nígbà tí wọ́n ní àwọn ń bọ̀, mo tún fọ́tò wò, mo rí ìlà náà. Wọ́n ti kí mi kú oríire ọ̀gá. Ìyàwó mi ti ń di ẹrù. Mo ní bí Bọ̀ọ̀dá Ike ò bá sí, àbọ̀ mi nìkan ló máa kù."

"Àti baba tó ń wúkọ́?"

Dókítà tẹjú mọ́ awò ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ gbọ́ nípa rẹ̀ ṣáájú àná. Ère ike lẹ fọ́, ṣùgbọ́n ti baba yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ máa múra àlàyé rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Ẹlẹ́rìn-ín ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ìyá Ìbejì dúró síbi bọ́tìnnì, ọwọ́ rẹ̀ wà ní ìbàdí.

"Èmi ni mo tì í wọlé."

"Ẹ ò mọ̀," ni Fẹ̀sọ̀ wí.

"Lọ́jọ́ àdánwò náà. Èmi ni."

"Ẹ ò mọ̀, ìyá. Òun mọ̀ ní tirẹ̀ láti àná."

Ó gbọ́, ṣùgbọ́n kò tù ú nínú. Ó tú bíréèkì ẹ̀rọ onítáyà, ó gbé asẹ́ kékeré rẹ̀ jáde láti ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n tì í sí, ó nu eruku rẹ̀. Ó ti ẹ̀rọ náà gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ. Fẹ̀sọ̀ àti dókítà ní láti fara mọ́ ògiri kó tó kọjá.

Wọ́ọ̀dù wà lójú ọ̀nà àbájáde. Bí wọ́n ṣe ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, Fẹ̀sọ̀ gbọ́ ohùn obìnrin kan tó rẹ̀ láti orí ibùsùn.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ ti yà mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní kò sí nǹkan kan láyà mi."

"Àwa la ní bẹ́ẹ̀, màmá," ni Ìyá Ìbejì dá a lóhùn. "A ò mọ̀. Ẹ jẹ́ n gbé ẹ̀yìn yín sókè díẹ̀."