Ìpéǹpéjú Ọ̀jẹ̀túndé

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹta ọdún 2023, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kílípà bọ́ lọ́wọ́ Ọ̀jẹ̀túndé agẹrun nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìpọ̀nrí, ó sì gé Teslim oníbàárà rẹ̀ létí.

"Ẹ̀gbọ́n, etí mi rèé o!" Teslim fò dìde. "Ṣé ẹ fẹ́ bẹ́ mi lórí ni?"

"Má bínú, àbúrò. Orí méjì ni mo rí, mi ò mọ èyí tó jẹ́ tìẹ."

Ó fi ṣe àwàdà, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Imú ló fi ń sọ̀rọ̀, ìpéǹpéjú rẹ̀ sì ti wálẹ̀ bo ìlàjì ojú. Ìrètí ọmọ rẹ̀, tó wà ní SS2, ń ti ilé ìwé bọ̀ pẹ̀lú Glory ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ni àwọn méjèèjì dúró sí tí wọ́n fi rí gbogbo rẹ̀.

"Háà, paraga ti ń ṣiṣẹ́ o!" Glory pariwo. "Bàbá ẹ ti mu yó lọ́sàn-án gangan!"

Ìrètí mọ̀ pé bàbá òun kì í fẹnu kan ọtí. Síbẹ̀, ó bá Glory rẹ́rìn-ín.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí àárẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, apá Ọ̀jẹ̀túndé á wúwo bí ẹni tó ru sìmẹ́ǹtì láti àárọ̀. Bó bá ń jẹun, ọwọ́ ló fi ń ti àgbọ̀n rẹ̀ sókè kó tó lè jẹ ẹran. Ìyàwó rẹ̀ wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó ń tọ́jú ìyá rẹ̀ tó dùbúlẹ̀ àìsàn, nítorí náà Ìrètí nìkan ló ń rí i nílé. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ojú á là, ohùn á padà, apá á le. Ìyẹn ni kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbà á gbọ́.

Ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ náà, wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn. Bí gbogbo ará Èkó ti ń ṣe, aago márùn-ún ìdájí ni wọ́n ti dé ibẹ̀ láti gba nọ́ńbà. Wọ́n gba nọ́ńbà keje, inú wọn sì dùn. Nígbà tí wọ́n wọlé tọ dókítà ní aago mẹ́jọ, Ọ̀jẹ̀túndé kò tíì fi ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ kankan. Ojú rẹ̀ là kedere.

"Ẹ fún mi lọ́wọ́ mọ́ra," ni dókítà wí. Ọ̀jẹ̀túndé dì í mú. "Ah! Ẹ fẹ́ẹ̀ fọ́ mi lọ́wọ́. Kí ló wá ń ṣe yín?"

"Ìrọ̀lẹ́ ni, sà. Ìpéǹpéjú mi máa ń wálẹ̀. Ahọ́n mi máa ń wúwo."

Aláìsàn méjì mìíràn jókòó lórí bẹ́ńṣì nínú yàrá náà, wọ́n ń gbọ́. Dókítà yíjú sí Ìrètí. "Ìwọ lò ń bá wọn gbé. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń rí?"

Ẹ̀rín Glory sọ sí Ìrètí lọ́kàn. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kí ni àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì á rò bí kò ṣe ọtí?

"Rárá, sà. Oorun ló máa ń kùn wọ́n."

Bàbá rẹ̀ wò ó, ó sì dorí kodò. Dókítà kọ oògùn afúnnilókun, ó ní kí wọ́n lọ sinmi.

Oṣù méje ni wọ́n fi sinmi. Àwọn oníbàárà ń fà sẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan. Teslim ló kọ́kọ́ lọ. Lójoojúmọ́ ni Ìrètí ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun á sọ òótọ́ lọ́la.

Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹwàá, ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, omi tí Ọ̀jẹ̀túndé ń mu gba imú rẹ̀ jáde, èémí rẹ̀ sì ń já. Àwọn aládùúgbò gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn. Lọ́jọ́ yìí, kò sí pé à ń gba nọ́ńbà.

Wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí i nímú. Nígbà tí èémí rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, Dókítà Azeezah, obìnrin kan tí kò tíì dàgbà púpọ̀, na ìka sókè. "Bàbá, ẹ máa wo ìka mi. Ẹ má gbójú kúrò."

Ìpéǹpéjú náà ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi bo ojú. Dókítà di yìnyín sínú ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó gbé e lé ojú náà fún ìṣẹ́jú méjì. Nígbà tó gbé e kúrò, ojú là.

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n ya àwòrán àyà.

"Àìsàn tó ń gba agbára lọ́wọ́ iṣan ni; bí iṣan bá sinmi tàbí tí òtútù kàn án, agbára á padà fúngbà díẹ̀," Dókítà Azeezah ṣàlàyé fún Ìrètí. "Àwọn ọmọ ogun inú ara ló yẹ kó máa bá àrùn jà. Iṣan ni ti inú ara bàbá yín ń bá jà. Kókó kan tó ń dá ìjà náà sílẹ̀ wà lẹ́yìn eegun àyà wọn, a gbọ́dọ̀ yọ ọ́. Ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀?"

"Ṣáájú oṣù Kẹta, mà."

"Kò sẹ́ni tó ń rí ojú wọn nírọ̀lẹ́ ni?"

Ìrètí sorí kọ́. "Mo rí i, mà. Dókítà kan bi mí, mo purọ́. Mi ò fẹ́ kí wọ́n pe bàbá mi ní ọ̀mùtí."

Oṣù Kejìlá ni wọ́n la àyà Ọ̀jẹ̀túndé. Kókó náà ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀fóró òsì. Wọ́n gé méjèèjì pọ̀ níbi tí wọ́n ti so.

"Ìrètí, má sunkún mọ́," bàbá rẹ̀ sọ lórí bẹ́ẹ̀dì. "Mo gbọ́ nígbà tó o purọ́, mi ò já ọ nírọ́. Ojú ń ti èmi náà."

Àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ̀yin ọmọ, bí dókítà bá bi yín léèrè, ẹ sọ ohun tí ojú yín rí, ẹni yòówù tó bá fẹ́ kó rẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́rìn-ín á padà sílé rẹ̀, aláìsàn ni àìsàn máa kù sí lọ́wọ́.

Ní báyìí, wákàtí mẹ́rin mẹ́rin ni Ọ̀jẹ̀túndé ń lo oògùn. Orí mẹ́ta ló ń gẹ lójúmọ́, kó tó di ọ̀sán. Kò lè gun àtẹ̀gùn ilé wọn tán láìdúró. Oṣù méje ni wọ́n pàdánù, àti apá kan ẹ̀dọ̀fóró òsì rẹ̀.