Ẹni Tí Kò Mu Kókò Náà

Fẹ́mi kú ní ọjọ́ Sátidé, ọmọ ọdún mẹ́ta tí ara rẹ̀ le koko lánàá. Ó jí, ó mu kókò rẹ̀, ògì ọkà gbígbóná, ó ti taya rẹ̀ jáde sí ojúde. Kí oòrùn tó kan àtàrí, gìrì ti gbé e lẹ́ẹ̀mẹta, itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀, ojú rẹ̀ yí sókè, ó sì dákẹ́. Kò sí ibà, kò sí ikọ́, kò sí ìgbẹ́ gbuuru. Ní Tudun Wada, Zaria, lọ́dún 1973 tí òjò kọ̀ tí ọkà sì wọ́n bí ojú, ohunkóhun tí wọn ò bá mọ ìdí rẹ̀, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n ní fún un: àjẹ́.

Wọn ò tíì wa iyẹ̀pẹ̀ bo ọmọ náà tán tí ẹnu ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú bí mo bá ń tutọ́ láàárín ọ̀rọ̀. Ìtàn yìí ń rí mi lára.

Ilé Ọlápàdé ni ó ti ṣẹlẹ̀. Ọlápàdé ló ń tọ́jú sítọ́ọ̀ ní oko ńlá kan lọ́nà Shika. Mobọ́lá ni ìyàwó rẹ̀. Mojí, ọmọ ọdún méje, ni ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi, èdè Hausa sì já gaara lẹ́nu rẹ̀ ju Yorùbá lọ. Lẹ́yìn wọn ni Màmá Jemima, ìyá Mobọ́lá, opó òṣìṣẹ́ rélùwéè kan, tó wọ ọkọ̀ ojú irin láti Ọ̀fà wá wo àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, tòun ti àpò iṣu kan. Ọ̀sẹ̀ tó dé gan-an ni ààwẹ̀ Lẹ́ntì bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò fi nǹkan kan ẹnu láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi ń wọ̀. Nígbà náà ni yóò sun iṣu díẹ̀, yóò fi epo jẹ ẹ́. Lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ ni yóò kúnlẹ̀ nínú yàrá, ọ̀rọ̀ kan náà ni yóò sì fi bẹ̀rẹ̀: “Olúwa, mo tún dé.”

Ààwẹ̀ yìí ni Sarat kọ́kọ́ rí gbá mú. Sarat, obìnrin Ìlọrin tó ń ta kẹrosínì níwájú ilé, ayálégbé bíi tiwọn ni.

“Haba!” ló ń wí fún gbogbo ẹni tó bá gbé ìgò wá. “Azumi wo ni tàwọn Kirisẹ́ni tí kì í tán? Gbogbo ilé ń jẹun, òun nìkan ni kì í fẹnu kan oúnjẹ ọmọ rẹ̀. Ta ni kì í jẹun? Ibòmíì ni irú wọn ti ń jẹ!”

Ọjọ́ kẹrin tí Fẹ́mi kú, wọ́n bá àdàbà méje ní òkú lẹ́yìn fèrèsé Màmá, níbi tí Mobọ́lá máa ń sá ọkà sí lórí ẹní lẹ́yìn tó bá ti fọ̀ ọ́. Ìyẹ́ wọn fẹ́ sílẹ̀, ẹsẹ̀ wọn ká kò. Sarat fi igi yí ọ̀kan padà.

“Wàllahi, ẹyẹ wọn nìyí. Ìpàdé ni wọ́n ti ń bọ̀ tí ilẹ̀ fi mọ́ bá wọn. Ẹ ò rí i pé fèrèsé rẹ̀ ni wọ́n ń kọrí sí?”

Ọlápàdé jáde, ó wo àwọn ẹyẹ náà, ó wo ẹní. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ síbi iṣẹ́ láìjẹun. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ní ìrọ̀lẹ́, ohùn rẹ̀ ló ròkè jù lọ ní àgbàlá.

“Mobọ́lá, ìyá rẹ gbọ́dọ̀ kúrò nílé mi! Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí mo ní ló pa! Ṣé títí yóò fi kan Mojí ni?”

Orí ń fọ́ Mobọ́lá, ó ń bì ní àràárọ̀, ọwọ́ Mojí náà sì ti ń gbọ̀n bó bá di kọ́ọ̀pù mú. Nígbà tó yá, ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìyá rẹ̀.

“Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹ sọ fún mi. Ìyá tó bí mi ni yín. Ẹ kàn sọ fún mi.”

“Mobọ́lá, wá jókòó.”

“N ò jókòó. Kí ló dé tí ẹ kì í bá wa jẹun?”

“Mo ti sọ fún ọ. Ẹ̀jẹ́ ni mo jẹ́ fún Ọlọ́run. Nígbà tí Fẹ́mi kú, mo ní n kò ní dá a dúró títí ilé yìí yóò fi rí àlàáfíà.”

“Àlàáfíà!” Mobọ́lá rẹ́rìn-ín burúkú kan. “Kí ẹ tó dé, kò sí ohun tó ṣe wá.”

Láti ọjọ́ náà kò pè é ní Màmá mọ́. Bó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, Mojí ni yóò rán sí i.

Ṣé ẹ rò pé ìjọ gbà á mọ́ra? Hẹ̀n-ẹ́n! Ní ọjọ́ Ìsinmi, Màmá jókòó láàárín àwọn ìyá ìjọ, aṣọ funfun wọn ń dán. Ọ̀kan sún, èkejì sún, títí àga gígùn náà fi ṣófo ní ọ̀tún àti ní òsì rẹ̀. Ẹnu tí wọ́n fi kọ orin ìfẹ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Àgàbàgebè! Ìyá ẹni àádọ́rin ọdún! Òun nìkan ló rìn padà sílé.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ìrètí fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Olúwa, mo tún dé,” kò sì rí ọ̀rọ̀ mìíràn sọ. Kò rí ìran, kò gbọ́ ohùn. Orúnkún ń dùn ún, ebi ń pa á. Ó ronú pé bóyá kí òun kúkú di ẹrù òun, kí òun wọ ọkọ̀ ojú irin, kí ojú òun má baà rí òkú kejì. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀ bí ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ìjòyè tí kò tíì jáde. Nígbà tó dìde, kò sí ohun tó yí padà, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé òun yóò tún padà wá ní ìrọ̀lẹ́. Ó padà wá lóòótọ́.

Ní Tọ́sìdeè, Ọlápàdé gbé Wòlíì Oyèbámijí wá. Áà, ọkùnrin yìí! Ó wọ aṣọ funfun kanlẹ̀, ó di agogo mú, ó kọ́kọ́ jẹ adìẹ tí wọ́n sè fún un tán, ọ̀rá ń yọ̀ ní ìka rẹ̀, ó sì fi ìka náà tọ́ka sí Màmá nínú pálọ̀. Sarat àti àwọn aládùúgbò kún ojú fèrèsé.

“Ẹ̀mí ti fi hàn mí. Ẹyẹ méje, ẹgbẹ́ méje. Jẹ́wọ́, ìyá, kí ọmọ yìí lè yè.”

“Kí ni kí n jẹ́wọ́?”

“Ṣé o kò mọ̀ ọ́n ni?” Ọlápàdé fò dìde. Àna rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ gbọ́ o! “Wo ara rẹ bó ṣe ń dán! Gbogbo wa ń kú lọ, ìwọ nìkan ni ara rẹ le!”

Màmá kò wò ó. Wòlíì ló kọjú sí. “Mojí kò lè dìde láti àárọ̀. Ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ sí ọsibítù.”

“Ọmọ náà kò gbọdọ̀ jáde àfi bí o bá jẹ́wọ́. Abẹ́rẹ́ àti àjẹ́, ọ̀tá ni wọ́n. Bí wọ́n bá gún un, ó kú nìyẹn. Àdúrà nìkan ló kù.”

“Ta ló ń gbàdúrà níbí bí kò ṣe èmi?”

Kò tíì pa ẹnu dé tí Mobọ́lá fi figbe ta nínú yàrá. Gìrì ti gbé Mojí, ó ń já pìtì-pìtì lórí ẹní. Ọlápàdé dúró bí igi. Wòlíì bẹ̀rẹ̀ sí í lu agogo. Màmá kọjá láàárín wọn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó pọn ọmọ náà, ó fi ọ̀já gbà á mọ́ra. Wòlíì dí ẹnu ọ̀nà.

“Ẹ kúrò lọ́nà,” ni Màmá wí. “Mo ti bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ nípa ọmọ yìí títí ohùn mi fi há. Ẹsẹ̀ tó fún mi, kì í ṣe fún ìkúnlẹ̀ nìkan.”

Ó fi èjìká gbún un. Ọkùnrin ńlá náà yẹ̀. Arúgbó tó ń gbààwẹ̀ sáré dé ojú títì, ó dá takisí dúró.

Dókítà Adébóyè, ọ̀dọ́mọkùnrin tí oorun kún ojú rẹ̀, ló gún Mojí ní abẹ́rẹ́ tí gìrì fi rọlẹ̀. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kò rí ibà. Ó wá jókòó ti Màmá.

“Màmá, ta ló tún ń ṣàìsàn nílé?”

“Ìyá rẹ̀ ń bì. Àbúrò rẹ̀ ti kú.”

“Ta ni ara rẹ̀ le?”

“Èmi. Nítorí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ní àjẹ́ ni mí.”

Dókítà kò rẹ́rìn-ín. “Kí ni wọ́n ń jẹ tí ẹ̀yin kì í jẹ?”

Màmá fẹ́ dáhùn. Ó dà bí ẹni pé ẹnì kan di apá rẹ̀ mú. “Ààwẹ̀ ni mò ń gbà. Kókò àárọ̀ wọn ni n kò mu. Àárọ̀ náà sì ni gìrì ti gbé Fẹ́mi.”

Ibẹ̀ ni Ọlápàdé bá wọn, Wòlíì ń mí hẹlẹ-hẹlẹ lẹ́yìn rẹ̀.

“Ẹ gbé ọmọ mi fún mi!”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ farabalẹ̀,” ni dókítà wí. “Níbo lẹ ti rí ọkà tí wọ́n fi ń ṣe kókò yín?”

“Ọjà ni. Níbo ni ènìyàn ti ń rí ọkà?”

Mojí la ojú lórí bẹ́ẹ̀dì. “Baba ma ba ya sha,” ló wí jẹ́jẹ́.

Màmá, tó ti bá ọkọ rẹ̀ gbé ilẹ̀ Hausa fún ọdún mẹ́rìnlá, gbọ́ ọ yékéyéké. “Ó ní bàbá òun náà kì í mu ún. Láti ìgbà wo, ọmọ mi?”

“Tun da kurciyoyi suka mutu.”

“Láti ìgbà tí àwọn àdàbà ti kú,” ni Màmá wí. Bàbá Mojí ló máa ń pè é láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọmọ náà. Lọ́tẹ̀ yìí, ó pè é lórúkọ. “Ọlápàdé. Kí ló wà nínú ọkà yẹn?”

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ọsibítù, ó jẹ́wọ́. Irúgbìn ni. Ọkà gbígbìn tí wọ́n fi oògùn pupa bò kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́ nínú ilẹ̀. Inú sítọ́ọ̀ tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀ ló ti kó o. Ó dà á sínú àpò mìíràn nítorí àwòrán agbárí tó wà lára ti tẹ́lẹ̀. Ó sọ fún Mobọ́lá pé eruku ọ̀nà ló pọ́n bẹ́ẹ̀.

“Gbogbo wa níbi iṣẹ́ là ń kó o, Màmá. Wọ́n ní bí a bá ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, oògùn náà á kúrò. Ìgbà tí mo rí àwọn ẹyẹ yẹn lórí ẹní, ẹ̀rù bà mí. Mo ní kí Mobọ́lá túbọ̀ máa fọ̀ ọ́. Bí mo bá sọ ọ́, wọn á lé mi lẹ́nu iṣẹ́. Mo wá ń sọ fún ara mi pé ó lè jẹ́ àjẹ́ lóòótọ́.”

Tùú! Ó gba ẹnu tirẹ̀ là, ó sì fi kókò náà sílẹ̀ fún ọmọ tó bí. Nígbà tí wọ́n wẹ̀yìn wo Wòlíì, ó ti rá, tòun tagogo.

Màmá kò pariwo. Ó ní kí dókítà ránṣẹ́ sílé kí Mobọ́lá má fẹnu kan ọkà náà mọ́. Ó wá yíjú sí àna rẹ̀. “Èmi kọ́ ni yóò sọ ìyókù fún un. Ìwọ ni.”

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò fi lè sọ ọ́. Ọkà ti bàjẹ́ ni, ohun tó sọ fún ìyàwó rẹ̀ nìyẹn. Ní ọjọ́ Ìsinmi, Wòlíì jẹ́rìí nílé àdúrà rẹ̀ pé agogo òun ló tú àṣírí. Nígbà tí Màmá di Mojí lọ́wọ́ mú wọlé, Sarat sáré pàdé wọn, ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀. “Màmá, sannu da zuwa, ẹ káàbọ̀! Ṣebí mo ti sọ fún wọn pé ẹ̀yin kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀!” Ẹ gbà mí o! Ẹnu kan náà!

Màmá kí i dáadáa, ó wọlé. Mobọ́lá wà lórí ẹní, ó gbá Mojí mọ́ra, kò lè wo ojú ìyá rẹ̀. Ọlápàdé fara ti ògiri.

“Bàbá Mojí,” ni Màmá wí, “mò ń dúró dè ọ́.”

Ó kúnlẹ̀, ó sọ ọ́ tán, láti orí sítọ́ọ̀ títí dé orí ẹyẹ. Mobọ́lá kò sunkún. Ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo ìdin nínú ẹran. Ó rá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó lọ gbé orí lé ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ó ní, “Màmá.” Ìgbà yẹn ni igbe tó wá já.

Bó bá jẹ́ èmi ni, mà á lé ọkùnrin yẹn jáde bí ajá. Màmá fi ọwọ́ kan sí orí ọmọ rẹ̀, ó na èkejì sí Ọlápàdé, ó fi lé àtàrí rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń rí òun náà lára. Ó gbàdúrà fún Fẹ́mi tó lọ, fún Mojí tó kù, fún ẹni tó ṣe é, kí Ọlọ́run má ta á nù.

“Ṣe àmín,” ló wí fún un.

Ọlápàdé la ẹnu, kò lè ṣe é.

Màmá náà kúnlẹ̀ dáadáa, ó sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà náà láti ìbẹ̀rẹ̀.