Àpótí Pupa Tí Kò Yọ

Káfíńtà náà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ilé ìwòsàn nítorí ìka tó gé. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló gbà. Nígbà tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ obìnrin tí wọ́n ń pè ní Wòye dé, aṣọ funfun ti bo káfíńtà lójú. Lẹ́búlẹ́bú pákó ṣì wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ara rẹ̀ kì í gba oògùn inú abẹ́rẹ́ náà. Ó wà lákọsílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Tí nọ́ọ̀sì bá ti ṣí ojú-ewé rẹ̀, àpótí pupa ló yẹ kó yọ, kó kìlọ̀.

“Kò yọ, mà,” ni nọ́ọ̀sì tó fún un ní abẹ́rẹ́ wí. “Lẹ́nu ọjọ́ mélòó kan yìí, mi ò rí i mọ́. Mo rò pé wọ́n ti dín in kù ni.”

Àbúrò nọ́ọ̀sì náà ọkùnrin, tó ń ṣe ìkànnì ayélujára fún àwọn ilé ìtajà, jókòó tì í. Kò gbé ojú sókè.

Wòye kọjú sí apoògùn ilé ìwòsàn náà. “Ṣé ẹ ò ṣi oògùn rọ sínú ìgò?”

“Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, mà.”

Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Oògùn tí wọ́n kọ sára ìgò ló wà nínú rẹ̀.

Ọ̀gá kọ̀ǹpútà, tó ń bójú tó ẹ̀rọ ilé ìwòsàn náà, rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. Ó tẹ àdírẹ́sì ìkànnì ilé ìwòsàn sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó ṣí ojú-ewé káfíńtà. Àpótí pupa yọ gbàgà.

“Ṣé òun nìkan ni àpótí ń bẹ̀rù ni? Ó rí i, ó fojú fò ó. Ẹ̀wọ̀n ni.”

Wòye lọ sídìí kọ̀ǹpútà nọ́ọ̀sì. Òun náà tẹ àdírẹ́sì. Àpótí yọ.

Nọ́ọ̀sì bú sẹ́kún.

“Ẹ rọra,” ni Wòye wí. “Ẹ ṣí i bí ẹ ṣe máa ń ṣí i.”

Nọ́ọ̀sì kò tẹ àdírẹ́sì. Àwòrán kékeré kan lójú kọ̀ǹpútà ló tẹ̀. Ojú-ewé ṣí, ó funfun, ó dákẹ́. Kò sí pupa kankan.

Àdírẹ́sì tó wà lókè ní ìrù gígùn. Ọ̀gá kọ̀ǹpútà kà á, ó káwọ́ lérí.

“Àṣẹ tó ń gbé àpótí jáde gan-an nìyí. Kí ló ń wá nínú àdírẹ́sì?”

“Ẹ là á yé mi.”

“Búráúsà tí a fi ń ṣí ojú-ewé ní ọlọ́dẹ, mà. Olè a máa fi àṣẹ pamọ́ sínú àdírẹ́sì kó lè ráyè wọlé. Tí ọlọ́dẹ bá rí àṣẹ kan náà nínú àdírẹ́sì àti nínú ojú-ewé, á ní olè ló gbé e wá, á sì dá a dúró. Ẹnìkan ti da àṣẹ tiwa kọ síbẹ̀.”

“Ọlọ́dẹ wá lé onílé síta.”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Àlèébù ńlá ni.”

“Ta ló gbé àwòrán yìí síbí?”

“Èmi ni, mà,” ni nọ́ọ̀sì sọ wéré. “Ẹ kọ orúkọ mi.”

“Ṣé ẹ mọ irú àṣẹ yìí í kọ?”

Wòye yíjú sí àbúrò nọ́ọ̀sì. “Ìwọ mọ̀ ọ́n kọ.”

Ọkùnrin náà dìde.

“Èmi ni, mà. Ẹ fi ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo aláìsàn ni àpótí yẹn ń yọ sí, kì í sì í lọ bọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi á wálé, wọ́n á sùn lọ ti àwo oúnjẹ. Àwọn ni wọ́n tọ́ mi látìgbà tí ìyá wa ti kú. Mo ní kí iṣẹ́ wọn fúyẹ́. Mo gbé àwòrán yẹn sórí kọ̀ǹpútà wọn, mo sọ fún wọn pé á kàn máa yára ni.”

Àwọn ọlọ́pàá mú un jáde.

“Ẹ̀bi yìí kì í ṣe tiyín,” ni Wòye wí. “Ẹ máa lọ sílé.”

Nọ́ọ̀sì kò dìde.

“Ta ni kí n lọ bá níbẹ̀?”