Ìwé Ojú Ọ̀ṣungbèmí

"Wọ́n ti jí ojú mi o!"

Ariwo Ọ̀ṣungbèmí nìyẹn lórí bẹ́ǹṣì ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba orúkọ àwọn aláàbọ̀ ara ní Ìlobù. Ó ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí ojú náà ti fọ́. Ta ló ń jí ojú tó fọ́?

Ìwé tí dókítà fi jẹ́rìí pé ó fọ́jú ló ń wí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló wọ mọ́tò láti Ìfọ́n lọ sí Òṣogbo kí dókítà tó fọwọ́ sí i. Bí kò bá rí ìwé náà, kò ní rí owó oṣooṣù ti ìjọba gbà. Ọ̀la ni wọn yóò sì parí orúkọ gbígbà.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Morónkẹ́ Adéjọbí dé. Obìnrin tí kì í fẹ́ ọ̀rọ̀ gígùn ni. Àwọn méjì péré ló jókòó ti Ọ̀ṣungbèmí: Jàlálù káfíńtà, ẹlẹ́sẹ̀ kan, àti Bàbá Fátúkàsí, tó ní òun fọ́jú lóṣù tó kọjá.

"Jàlálù, ìwọ lo mú un?"

"Èmi kẹ̀? Ìwé tèmi ti wà lọ́wọ́ wọn láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹsẹ̀ ni mi ò ní, mà, mo nítìjú."

Akọ̀wé ní òótọ́ ni.

"Bàbá, ìwé dókítà tiyín ńkọ́?"

"Ó ń bọ̀ lọ́la. Ọmọ mi, òwe lẹṣin ọ̀rọ̀..."

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin, Bàbá, ẹ fẹsẹ̀ rìn. Ṣé ẹ̀yin lẹ mú ìwé?"

"Afọ́jú wo ló ń rí ohun tí yóò jí?"

Àánú rẹ̀ ṣe gbogbo ènìyàn. Morónkẹ́ yẹ àpò Ọ̀ṣungbèmí wò: káàdì ìdìbò wà níbẹ̀, fọ́tò wà níbẹ̀. Ìwé dókítà nìkan ni kò sí. Ta ni yóò tú àpò bàbá afọ́jú lójú gbogbo Ìlobù?

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Morónkẹ́ wọ bùbá, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì náà, Màríámọ̀ onídìrí sì ń dirun fún un.

"Bí ẹnikẹ́ni bá ń bọ̀, dákẹ́."

"Èmi? Ẹnu á yún mi o."

"Jẹ́ kó yún ọ."

Fátúkàsí yọ, ọ̀pá rẹ̀ ń ró kò, kò, kò. Ó dé ọ̀dọ̀ wọn, ó tẹríba díẹ̀.

"Ojú gbooro o!"

"Òòyà á yà o!" ni Màríámọ̀ dáhùn, ó sì yára fọwọ́ bo ẹnu.

Morónkẹ́ dìde, apá kan orí rẹ̀ dì, apá kan rí wúruwùru.

"Bàbá, ta ló sọ fún yín pé irun là ń dì?"

"Mo gbóòórùn òróró irun."

"A ò tíì fi òróró kankan sí i."

"Mo gbọ́ òòyà."

"Inú àpò ni òòyà wà. Ẹ̀kọ́ ilé ló mú yín, Bàbá. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa kò lè rí onídìrí kó má kí i. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i ná. Láti àná ni mo ti fura. Ẹni tó yan ìwé dókítà nìkan nínú àpò yẹn ríran, ó sì mọ̀wé kà. Jàlálù ti fi tirẹ̀ sílẹ̀. Ó ku ẹ̀yin. Ẹ mú un wá."

Fátúkàsí yọ ìwé lápò. Ó ti fi abẹ ha orúkọ Ọ̀ṣungbèmí kúrò, ó sì ti kọ tirẹ̀ síbẹ̀.

"Orúkọ mi ló wà níbẹ̀! Ẹ wò ó!"

Morónkẹ́ kà á sókè: "'Ojú aláìsàn yìí fọ́ nígbà tó ń rọbí ọmọ rẹ̀ kẹrin.'"

Jàlálù, tó ti wá wo bí yóò ṣe parí, rẹ́rìn-ín títí ọ̀pá fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Morónkẹ́ kúnlẹ̀ lórúnkún méjèèjì.

"Bàbá, ẹ kú ewu ọmọ o."

Akọ̀wé pe dókítà lórí fóònù, dókítà jẹ́rìí sí i, orúkọ Ọ̀ṣungbèmí sì wọlé. Wọ́n ti ń mú Fátúkàsí lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá nígbà tí Ọ̀ṣungbèmí pè é láti orí bẹ́ǹṣì.

"Bàbá, Treasure lọmọ yín ń jẹ́ o. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án, ó sì ń jẹun bí alágbàro. Ìgbà wo lẹ máa wá gbé e?"